Ebè Ṣakí Létí Odò Párákù

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ra àlùbọ́sà lọ́jà Arzèkè ní Párákù, tí ẹ sì ń bi ara yín pé ta ló kọ́ àwọn ará etí odò bí wọ́n ṣe ń gbin irú èyí tó le bí ọmọ ayò, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé àwọn ará etí odò ló kọ́ èmi náà, ẹ má bá a jà. Òun náà kò parọ́.

Ọmọ Ṣakí ni mí. Ìwé díẹ̀ ni mo kà kí bàbá mi tó yọ mí kúrò nílé ìwé, ó ní ọkọ́ ń pè mí. Síbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, n kò bẹ akọ̀wé kankan lọ́wẹ̀. Nílùú wa, bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ tuntun ní ebè kíkọ, oko mi ni wọ́n ń mú un wá, kó wá fi ojú rí i. Ebè mi ga, ó rí roboto, ó jókòó bí ìyá àgbà tó wé gèlè. Òjò kì í wó o. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó gbé ọkọ́ rẹ̀ wá.

Ẹ ó ní kí ló wá gbé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kúrò nílé. Àwa ọmọ bàbá mi la pọ̀ ju ilẹ̀ bàbá mi lọ. Nígbà yẹn, àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ká àsíá wọn kúrò ní Dàhòmì, wọ́n ní ilẹ̀ ti di ti onílẹ̀, àwọn ará wa tó ń ta aṣọ ní Párákù sì máa ń dé sílé lásìkò ọdún pẹ̀lú bàtà tó ń dán. Mo sọ fún ìyàwó mi, Àṣàkẹ́, pé ọjọ́ tí mo bá ti rí ilẹ̀ tó dá mi lójú ni màá ránṣẹ́ pè é. Mo wá dúró láàárín agbo ilé, mo pariwo rẹ̀ pé bí ọkọ́ yìí bá ti bá mi kúrò ní Ṣakí, kò ní gun èjìká mi padà wálé bí ọkọ́ ẹni tí wọ́n lé. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn fún mi.

N kò ní sọ ti ọ̀nà. Ẹni tó bá ti rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá rìn ín kò ní gbà á gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ gbò mí ní Párákù ni orúkọ. Ní Ṣakí, bí mo bá ń kọjá lọ, wọ́n á pe orúkọ mi, wọ́n á pe ti ilé wa mọ́ ọn. Ní Párákù, "Ànàgó" ni. Ará Kétu, Ànàgó. Ará Ṣábẹ̀, Ànàgó. Ará Ìdàáṣà àti èmi ọmọ Ṣakí, Ànàgó ni gbogbo wa. "Ànàgó, gbé ẹrù yìí!" "Ànàgó, yà kúrò lọ́nà!" Aláàárù ni mo kọ́kọ́ ṣe ní Arzèkè, mo ń ru àpò iṣu àti ìdì aṣọ. Yàrá kan ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò, ni mo ń sùn, èmi àti àwọn aláàárù mìíràn, ẹsẹ̀ ẹnìkan lójú ẹnìkejì.

Òwúrọ̀ ló máa ń dùn mí jù. Nílé, kí n tó bọ́jú, Àṣàkẹ́ á ti kúnlẹ̀, á ti kì mí délẹ̀, títí orí mi á fi wú. Níbí, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ló ń jí mi, ó ń wúkọ́ ní ibùdókọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri wa. Ọkùnrin tí kò rí ẹni kì í, ó lè dìde, ó lè rìn, ṣùgbọ́n kò tíì jí.

Ohun kan ṣoṣo ló tù mí nínú. Iyán ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Sókúrú ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n iyán ni, ó sì kúná. Mo ní ó dára, àwọn tó bá mọ iyán gún, a lè bá wọn gbé.

Ìyá Bàké ló ni etí odò tó wà lẹ́yìn Sóńgò. Àgbàlagbà obìnrin Bàrìbá ni, inú ọjà ló ti kọ́ èdè wa. Mo gbọ́ pé ó ń fún àlejò nílẹ̀ dá ọgbà, mo bá wẹ̀, mo wọ bùbá mi tó dára, mo lọ. Mo bá a lábẹ́ igi igbá, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ kọ́ ni Ànàgó tó máa ń pariwo lọ́jà yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ìyá, ẹ bi mí ní ohun tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn ni kò ní pẹ́ kí n tó kà á tán."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹnu rẹ gùn. Mú ọwọ́ wá." Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu. Ó ní, "Ó dáa. Màá fún ọ nílẹ̀. N kò gba owó. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wàá gbé igbá àkọ́so wá fún mi. Bí igbá bá kún, ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá ṣófo, àlejò kò tán láyé, màá fún ẹlòmíràn."

Bí mo ṣe di ológbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí òjò bá ti lọ, tí ọyẹ́ ń bọ̀, ni wọ́n ń gbin àlùbọ́sà níbẹ̀. Omi odò ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbẹ́ ilẹ̀ wálẹ̀ bí àwo, wọ́n á mọ etí rẹ̀ sókè yí ká, kí omi tí wọ́n bá dà sí i má bàa sá lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo di ìhà mi mú, mo rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ bù sí i ni?"

Mo yọ ọkọ́ Ṣakí mi, mo kọ ebè. Ọkùnrin Dẹ́ńdì kan tí ọgbà rẹ̀ wà ní òdìkejì odò dúró, ó ń wò mí. Saley ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ mi ni, ó ga bí òpó, ó sì gbọ́ èdè wa dáadáa torí àwọn ará wa ló ń tà fún.

"Ànàgó, iṣu lo fẹ́ gbìn ni?"

"Àlùbọ́sà ni."

"Àlùbọ́sà lórí òkè! Kí ló dé? Kó lè máa rí ọ̀nà ilé yín lọ́ọ̀ọ́kán ni?"

Gbogbo etí odò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, bí mo bá da omi sórí ebè, á ṣàn wálẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ọyẹ́ sì fa ìyókù mu. Mo sọ fún gbogbo ayé pé garawa mi ló ń jò. Nígbà tí àkókò tó, igbá tí mo gbé lọ fún Ìyá Bàké, ewé tó ti pọ́n ló wà nínú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́.

"Igbá yìí mà fúyẹ́ o."

"Ìyá, ọdún yìí—"

"Mo mọ̀. Àlejò ní ọdún kan tí a fi ń fojú fò ó. Èyí tó lọ yìí ni tìrẹ."

Ní ìgbà yẹn, irú wa kò mọ tẹlifóònù. Ẹnu Làmídì ni tẹlifóònù wa. Awakọ̀ ará ìlú wa ni, ó ń kó ọjà láàárín Ṣakí àti Párákù. Bí o bá rán an níṣẹ́, kì í jẹ́ ẹ lásán, á fi ohùn ẹni tó rán an jẹ́ ẹ, á fi ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ. Mo rán an sí Àṣàkẹ́ pé ọgbà mi dára, pé àwọn ará Párákù ń wá wo ebè mi. Irọ́ kọ́. Wọ́n ń wá wò ó lóòótọ́.

Nígbà tí Làmídì padà dé, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó yí ojú bí Àṣàkẹ́ ṣe máa ń yí i.

"Ìyàwó rẹ ní òun gbọ́. Ó ní kí n bi ọ́ léèrè: ilẹ̀ tí ò ń sọ yìí, ṣé ìwọ lo dúró lé e lórí, àbí òun ló dúró lé ọ lórí?"

Gbogbo ibùdókọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo gbé iyán mi fún àwọn tí a jọ ń sùn.

Ọdún kejì dé. Mo tún kọ ebè.

Ẹ ó ní ṣé orí mi pé. Orí mi pé dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lára ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Èdè rẹ ń bọ́ lẹ́nu rẹ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan lo máa gbọ́ tí o ń fi "sàvà" ti àwọn Faransé kí ọmọ Yorùbá bíi tìẹ. Orúkọ rẹ ti lọ. Oúnjẹ rẹ ti ní orúkọ mìíràn. Ohun kan á kù tí o máa rọ̀ mọ́. Ẹlòmíràn rọ̀ mọ́ fìlà, ẹlòmíràn rọ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ nílé wọn. Èmi, ebè ni. Bí mo bá gbẹ́ ilẹ̀ bí àwo bíi ti Saley, kí ló wá kù lára mi?

Mo kọ ọ́ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ra garawa tí kò jò. Saley wò mí láti òdìkejì, ó mi orí, kò tilẹ̀ bú mi. Ìyẹn gan-an dùn mí ju èébú lọ.

A gbin ọmọ àlùbọ́sà sílẹ̀, gbogbo wa, a sì ń dúró de ọyẹ́. Oṣù tí ó máa ń dé wọlé. Àwọn ìyá ti gbé aṣọ tó nípọn jáde, àwọn oníṣòwò ti ń ta òrí fún ètè tó ń là. Ọyẹ́ kò dé. Afẹ́fẹ́ gbóná, ó tutù, ó tún gbóná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú dúdú láti ìhà gúúsù, àwọn àgbàlagbà jáde síta, wọ́n gbé ojú sókè. Òjò dé. Òjò tí a ti kí pé ó dìgbóṣe, ó padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà rẹ̀. Ó rọ̀, ó dá, a ní ó tán. Ó tún rọ̀.

Ilẹ̀ àwo wá di adágún. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké láàárín àlùbọ́sà Saley. Ebè mi ńkọ́? Òjò ń lù ú, omi ń ṣàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ àlùbọ́sà mi dúró lórí rẹ̀ gbọnrangandan. Mo gbé àpótí mi síta lábẹ́ àtíbàbà, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀.

Mo pariwo, "Saley o! Ọbẹ̀ náà ti jinná àbí kò tíì jinná?"

Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú omi dé orókún, wọ́n ń fi igbá gbọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ẹní, tó ń ṣa àwọn ọmọ àlùbọ́sà tó ti jẹrà, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, bóyá á rí èyí tó ṣì dára. Kò rí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé àpótí mi wọlé.

Bí òjò ṣe dá, ọyẹ́ dé. Kò dé bí ó ṣe máa ń dé. Ó dé pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tó pẹ́ dé ibi àsè tó bá àwo òfìfo. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan la jí, a kò rí òdìkejì odò. Eruku funfun gba ojú ọ̀run, oòrùn dà bí òṣùpá. Otútù mú débi pé Làmídì ní ọkọ̀ òun pàápàá ń gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìhà àríwá láìsinmi. Ebè mi, ebè tí òjò kò rí wó, bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo rọ omi, ó ṣàn wálẹ̀. Mo tún rọ ọ́. Èjìká mi bó. Orí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bí ó ṣe pọ́n lọ́dún tó kọjá gẹ́lẹ́.

Ọkùnrin kan láti ìhà Kándì bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí ọgbà mi kọjá. Á lọ kí Ìyá Bàké, bí ó bá ń padà bọ̀, á kí mi. Á bi mí bí ara ṣe rí, á bi mí bí ilé ṣe rí, á bi mí bí omi odò ṣe rí. Ẹni tó bá kí ọ kọjá bó ṣe yẹ, nǹkan ọwọ́ rẹ ló ń wò. Mo ń wo ọkọ́ mi, mo ń wo èjìká mi, mo ń gbọ́ ohùn ara mi láàárín agbo ilé ní Ṣakí.

Òwúrọ̀ kan, Saley la odò kọjá. Ọkọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ìjà ló bá wá, mo dìde dúró.

Ó ní, "Ànàgó, jókòó. Bó o bá fẹ́ kí n bú ọ, màá bú ọ lẹ́yìn iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?"

"Ilẹ̀ tó ń di omi mú wà lọ́wọ́ wa, a kò ní àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà wà lọ́wọ́ rẹ, o kò ní ilẹ̀ tó ń di omi mú. Wó àwọn òkè yìí. A ó bá ọ gbẹ́ ẹ bí àwo. Ọmọ àlùbọ́sà rẹ ti há mọ́ra wọn lórí ebè. Kó ìdajì sínú ilẹ̀ rẹ, fún wa ní ìdajì."

"Kí n wó ebè mi?"

"Àbí o fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ibojì àlùbọ́sà?"

Mo yíjú sí ebè mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, omi lé sí mi lójú, mo sì ní ọyẹ́ ni. Ọwọ́ bàbá mi ló wà nínú ebè yẹn. Saley rí mi. Kò gbé ọkọ́ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Èmi kò ní fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ ni kó o wó o."

Mo gbé ọkọ́ Ṣakí, mo sọ ọ́ sínú ebè àkọ́kọ́. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ṣì tutù. Òjò ọjọ́sí ṣì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Saley bu ilẹ̀ yẹn, ó fi ọwọ́ fún un pọ̀, ó ní, "Wò ó! Ó mà tọ́jú omi pamọ́ fún wa o!" Ó pe àwọn yòókù. Wọ́n la odò kọjá, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn kan ń ṣí ọmọ àlùbọ́sà jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀ tútù lára gbòǹgbò rẹ̀, àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn kan ń mọ etí rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó pòròpórò ọkà bàbà wá, ká fi sọ ọgbà sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, bí a ṣe ń ṣe é fún ewúrẹ́ nílé wa.

Saley ní, "Nísinsìnyí, àlùbọ́sà Ànàgó kò ní rí ọ̀nà ilé mọ́."

Mo ní, "Kó gbójú kúrò níbẹ̀. Ilé ló wà."

N kò mọ̀ pé màá sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Saley gbé sókúrú wá, a jẹ ẹ́ létí odò pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn fún àlùbọ́sà. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ jẹun láìrántí ẹni tí n kò bá jẹun.

Àlùbọ́sà náà kò tóbi lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ó le, ó pọ́n, ó sì ta. Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, mo ru igbá, ó wúwo lórí mi. Mo bá ọkùnrin ará Kándì lábẹ́ igi igbá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Bàké. Mo sọ igbá kalẹ̀ níwájú wọn. Ìyá mú ẹyọ kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi èékánná ha á.

"Ọwọ́ ta ni èyí?"

Ẹ mọ̀ mí. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Ọwọ́ gbogbo wa ni, Ìyá."

Ó yíjú sí ará Kándì, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ mìíràn wà níwájú, màá mú ọ lọ wò ó." Ó wá ṣa èyí tó tóbi jù nínú igbá, ó kó o padà lé mi lọ́wọ́. "Má jẹ èyí. Jẹ́ kó so irúgbìn. Àlejò kì í tọ́jú irúgbìn, onílé ló ń tọ́jú rẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò fẹ́ dìde mọ́.

Iṣẹ́ tí mo rán Làmídì lọ́tẹ̀ yìí kò gùn. Mo ní, "Sọ fún Àṣàkẹ́ pé èmi ni mo dúró lé e lórí. Kó máa bọ̀."

Láti ìgbà náà, bí a ṣe ń ṣe é létí odò wa nìyẹn: nígbà tí ojú ọ̀run kò bá tíì pinnu, a máa ń kọ ebè fún ọmọ àlùbọ́sà, bí ọyẹ́ bá ti jókòó tán, a ó wó ebè, a ó gbẹ́ àwo. Èmi ni mo ń kọ́ wọn ní ebè, n kì í sì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Àṣàkẹ́ dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, eruku ọ̀nà bò ó. Kò jẹ́ kí n gbé ẹrù rẹ̀ wọlé kó tó ní kí n mú òun lọ síbi ilẹ̀ náà. Ó dúró létí odò. Ebè lápá kan, àwo lápá kan, ọgbà pòròpórò lẹ́yìn wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí àwo.

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ Ṣakí. Ta ló kọ́ ọ?"

"Àwọn ará ilé mi ni."

Ó yíjú sí ìhà tí ọkọ̀ gbé e gbà wá, bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé ará ilé wo. Nígbà náà ni ohùn Saley ké láti òdìkejì odò pé, "Ànàgó! Ṣé ìyàwó ti dé? Kó wá jẹ sókúrú!"

Mo sì dá a lóhùn.